Fóònù Tí Kò Dúró Mọ́ Nínú Kọ́mú Mi

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, bí fóònù yín bá wà nínú kọ́mú bí ẹ ṣe ń ka èyí, ẹ má wulẹ̀ yọ ọ́ sọ nù tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù. N kò wá sọ fún yín pé fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi kò lóǹkà, mo gbà wọ́n gbọ́, ohun tí mo gbà gbọ́ yẹn gan-an ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín ti kan nǹkan nínú ọmú, tí ẹ kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù.

Ẹja yìnyín ni mo ń tà ní Ibafo, ilé wa sì wà ní Mowe. Ẹni tó bá ti bá mi ra ọjà rí mọ̀ pé ọwọ́ mi kì í gbẹ. Láti ìgbà tí mo bá ti ṣí fìríìsà láàárọ̀ ni omi ṣáwá àti kòtè á ti máa kán ní ìka mi. Ìró tí mo ń ró lọ sọ́jà kò ní àpò, báàgì tí èèyàn bá sì gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kì í pẹ́ kó tó bá olè lọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn oníbàárà mi tó ń se oúnjẹ tà ní Arepo kì í wá sọ́jà. Wọ́n á pè mí ni, n ó di ẹja wọn sínú ọ̀rá, n ó fi ránṣẹ́. Fóònù yẹn ni ṣọ́ọ̀bù mi gan-an. Ibo ni kí n wá gbé e sí? Mo fi ọ̀rá wé e, mo fi sínú kọ́mú lápá òsì, bí gbogbo obìnrin ìlà wa ṣe ń ṣe. Ibẹ̀ ló máa ń wà láti àárọ̀ títí n ó fi palẹ̀ mọ́. Nígbà míì á gbóná débi pé ara mi á pọ́n. N ó gbé e sápá ọ̀tún díẹ̀, n ó tún dá a padà, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń yọ ọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kíyè sí kì í ṣe ìrora. Fóònù ni kò dúró mọ́. Bí mo bá ti fi í síbẹ̀, á dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á yọ orí síta. Lọ́jọ́ kan ó já bọ́ sínú ọpọ́n ẹja, ọ̀rá tí mo fi wé e ló yọ mí. Mo ní kọ́mú mi ti gbó. Mo ra tuntun, pàbó ló já sí. Ìyá Tólú tó ń ta ata níwájú mi ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọmú ẹ ò gba ayálégbé mọ́ nìyẹn. Ó ti lé fóònù jáde."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ìyá Tólú jù mí lọ díẹ̀, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí a ti jọ ń jókòó sójú kan náà lọ́jà. Òun ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ń kírun, kò sì sí ohun tí a kì í sọ fún ara wa.

Ó wá di ọjọ́ kan. Oníbàárà wà lórí ìdúró, fóònù ń dún, mo ti ọwọ́ bọ àyà láti yọ ọ́. Ìka mi kan nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Ó le bíi kóró àgbálùmọ̀. Mo tún fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Kò dùn mí, kò sì kúrò níbi tó wà. Fóònù dún títí ó fi dákẹ́, n kò gbé e.

Oníbàárà ní, "Ìyá ẹlẹ́ja, ṣé kò sí o?"

Mo ní kò sí. Mo wọn ẹja fún un, mo dì í, mo gba owó.

Bí ó ti lọ tán ni mo fa Ìyá Tólú sẹ́yìn ìsọ̀, mo ní kó fọwọ́ kàn án. Ó fọwọ́ kàn án. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀.

"Fóònù yẹn ni. Wọ́n fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí wáásáàpù. Rédíéṣàn inú ẹ̀ ló ń se ẹran ara."

Kò pẹ́ tí gbogbo ìlà wa fi gbọ́. Ká ní ẹ rí wa lọ́jọ́ yẹn ni: obìnrin níhìn-ín, obìnrin lọ́hùn-ún, kálukú ń ti ọwọ́ bọ àyà, wọ́n ń yọ fóònù jáde bí ẹni tí èèrà wọ̀ láṣọ. Ìyá oníṣu gbé tirẹ̀ lé orí iṣu. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, olè ti gbé ti ìyá oníṣu lọ, àwọn yòókù sì ti dá tiwọn padà sínú kọ́mú. Èmi nìkan ni n kò dá tèmi padà.

Ẹ ò rí i, ohun tí wọ́n sọ fún mi yẹn tù mí nínú. Bó bá jẹ́ fóònù ló fà á, a jẹ́ pé ohun tí mo lè ṣe wà. Kí n gbé e kúrò ni, kókó náà á yọ́. Ọkọ mi, Bàbá Wàrìsì, mẹkáníìkì ni ní Asese, ọ̀rọ̀ náà sì bá ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ mu.

"Ìyá Wàrìsì, tí nǹkan kan bá ń mú ara ẹ́ńjìnnì gbóná, àá kọ́kọ́ gbé e kúrò níbẹ̀ ni. Tó bá ti kúrò, ibẹ̀ á tutù. Jẹ́ ká fún un láyè."

A fún un láyè. Ìyá Tólú ra sítíkà kan fún mi lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń kiri lójú títì ní Asese, níbi tí àwọn tó ń lọ sí àgọ́ ìjọsìn ti ń sọ̀ kalẹ̀. Sítíkà náà ń dán bíi góòlù. Ọkùnrin náà ní téèyàn bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóònù, á máa gbé gbogbo rédíéṣàn mì. Mo lẹ̀ ẹ́. Mo gbé fóònù sínú báàgì kékeré, mo fi báàgì náà kọ́ èèkàn ìsọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi kò ti ṣe dáadáa mọ́. Oníbàárà á pè, ohùn á máa já, fóònù á sì gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fi hàn Ìyá Tólú. Ó ní sítíkà ló ń ṣiṣẹ́ yẹn.

Tí mo bá wọ balùwẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí n ó ṣe ni kí n fọwọ́ kàn án. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé láwọn ọjọ́ kan, ó máa ń dà bí ẹni pé ó ti rọ̀. N ó jáde, n ó máa kọrin. Lọ́jọ́ kejì, á tún le padà, àyà mi á sì já. Ààwẹ̀ wọlé. Mo gbààwẹ̀, mo gbàdúrà, mo sì ń bá a lọ láti máa tẹ̀ ẹ́. Kí ààwẹ̀ tó parí, awọ ibẹ̀ ti ń hun jọ, ó rí kókòkókò bí èèpo ọsàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná balùwẹ̀ kí n tó wẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbọ́. Ó gbé hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ wàláà, wá láti ọ̀dọ̀ àlùfáà, ó ní kí n mu díẹ̀, kí n fi èyí tó kù wẹ ọmú náà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan tún gbé àgbo wá nínú ike, ó korò bí ikú, mo mu ún. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń gbé tọ̀tún dé ni wọ́n ń gbé tòsì dé, kò sì sí ẹni tó dárúkọ ọsibítù.

Lẹ́yìn Ìtúnu, mo lọ kí ìyá mi ní Ifọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n sì rí i pé n kò lè gbé apá òsì mi sókè dáadáa. Wọ́n bi mí. Mo ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n ní kí n tú aṣọ. Wọ́n ti mú òrí dání tẹ́lẹ̀ láti fi pa apá náà. Nígbà tí ọwọ́ wọn dé ibẹ̀, ọwọ́ náà dúró. Wọn kò pa òrí náà mọ́.

Mo yára sọ̀rọ̀. "Fóònù ni, Màmá. Mo ti gbé e kúrò níbẹ̀. Ó ń lọ."

"Ta ló sọ fún ẹ pé fóònù ni?"

"Gbogbo wọn ni."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ń fi òrí pa ọwọ́ ara wọn láìmọ̀.

"Mọríámọ̀, ohun tó pa ìyá mi nìyí. Apá ọ̀tún ni tiwọn. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí kó tó bẹ́. Nígbà yẹn, iná ìjọba gan-an ò tíì dé àdúgbò wa, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fóònù."

Gbogbo ìgbésí ayé mi, ohun tí mo gbọ́ ni pé inú rírun ló pa ìyá àgbà.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi rí?"

"Ọmú ni. Ta ní ń sọ̀rọ̀ ọmú?"

Ẹ̀rù tó bà mí nínú yàrá yẹn, irú rẹ̀ kò bà mí rí. Mo ti gbé fóònù kúrò, mo ti lẹ sítíkà, mo ti mu àgbo, ohun tó wà nínú mi kò sì mọ̀ pé mo ṣe ohunkóhun. Ó ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ìyá mi fi aṣọ bò mí, wọ́n ní n kò ní padà sílé títí àwọn fi máa mú mi dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Bí a ṣe dé ọsibítù ìjọba ní Abẹ́òkúta, ìlà ti gùn dé ẹnu ọ̀nà. A gba káàdì, a jókòó sórí bẹ́ńṣì, a dìde, wọ́n ní ìlà wa kọ́ nìyẹn, a tún lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì mìíràn. Obìnrin ló kún ibẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bi ẹnikejì rẹ̀ pé kí ló ṣe é. Obìnrin kan jókòó tì mí, ó wọ aṣọ tó dára, ó sì fín lọ́fínńdà púpọ̀. Lábẹ́ lọ́fínńdà náà ni mo ti gbọ́ òórùn mìíràn, ti egbò. Ó rí i pé mo gbọ́ ọ. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀ kí n lè rí afẹ́fẹ́ gbà, ìyẹn ló sì mú omi bọ́ lójú mi. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní ọdún tó kọjá ló yẹ kí òun ti wá.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò jẹ́ obìnrin, ó lè jẹ́ àbúrò mi pátápátá. Ó fọwọ́ wò ó, ó wo abíyá mi.

"Mọ́mì, ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ kíyè sí i?"

Mo sọ fún un.

"Kí lẹ wá ń ṣe látìgbà yẹn?"

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì gbé fóònù náà sórí tábìlì pẹ̀lú sítíkà góòlù rẹ̀. Mo rò pé á fi mí rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi èékánná bó sítíkà náà, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí.

"Ẹ gbọ́, Mọ́mì. Lóòótọ́, fóònù ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀, díẹ̀ nínú agbára tó fi ń sọ ọ́ sì máa ń kan ara. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ kọjá. Àwọn tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n kó tó dé ọjà, ìwé inú páálí ẹ̀ sì máa ń sọ pé ká jẹ́ kó jìnnà sára díẹ̀. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá dáa, á fi agbára kún un. Sítíkà yín yìí, tó bá dí i lọ́nà, ṣe lá jẹ́ kó máa tiraka sí i."

"Nígbà náà, òun ló fà á?"

"Àwọn tó ń wádìí ẹ̀ ò tíì rí i pé fóònù ló ń fa irú kókó yìí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e jìnnà sára, ó dáa, kò burú. Àmọ́ kókó kì í bá fóònù jáde." Ó ń wọ ìbọ̀wọ́ mìíràn. "Báwo lẹ tiẹ̀ ṣe mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

"Fóònù ni ò dúró mọ́."

Ó wọ ìbọ̀wọ́ náà tán.

"Fóònù ti sọ fún yín nìyẹn. Ìgbà yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ ti wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gé díẹ̀ lára kókó náà lọ. Ẹni tó wá kìlọ̀ fún mi ni mo lé jáde, mo sì jẹ́ kí olè jókòó sínú ilé.

A ń dúró de èsì àyẹ̀wò ohun tí wọ́n gé náà. Ìgbàkígbà tí fóònù bá dún, n ó sáré gbé e. Nígbà tí èsì dé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ: jẹjẹrẹ. Wọ́n ní yóò gba oògùn, yóò gba iṣẹ́ abẹ. Ariwo bẹ̀rẹ̀ nínú ẹbí. Wọ́n ní ọ̀bẹ kò gbọ́dọ̀ kàn án, pé tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ kàn án á fọ́n ká gbogbo ara, pé lágbájá ṣe é, kò sì pẹ́ tó fi kú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ká padà sọ́dọ̀ àlùfáà. Lójú tèmi, ìbẹ̀rù ọ̀bẹ àti ìbẹ̀rù ikú ti di ọ̀kan náà, mo sì fẹ́ gbà fún wọn.

Bàbá Wàrìsì dìde láàárín ìpàdé náà. Ó jáde lọ síbi iṣẹ́, mo sì tẹ̀ lé e. Abẹ́ ọkọ̀ kan ni mo bá a, ó dùbúlẹ̀, kò mú irinṣẹ́ kankan dání. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó ń sunkún.

Ó ní, "Èmi ni mo ní ká fún un láyè."

"Gbogbo wa ni, Bàbá Wàrìsì."

"Mi ò ní fún un láyè mọ́. Jẹ́ kí wọ́n gé e. Ìwọ ni mo fẹ́, kì í ṣe ọmú."

Ó ta ọkọ̀ àlòkù tó ń tún ṣe fún ara rẹ̀, èmi ta fìríìsà ńlá. Ohun tí mo lè sọ nípa owó nìyẹn. Owó náà lọ.

Wọ́n kọ́kọ́ fa oògùn sí mi lára. Irun mi já, èékánná mi dúdú, omi pàápàá ń rùn lẹ́nu mi. Mo ń sùn bí òkú, mo ń jí bí ẹni tí wọ́n lù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé ọmú òsì náà kúrò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wo ibẹ̀ nínú dígí, ìyá mi ló wà lẹ́yìn mi. Wọn kò ní kí n má sunkún. Wọ́n bá mi sun ún, ti ìyá wọn àti tèmi.

Ó wá ku ìtọ́jú kan tí wọ́n rán wa lọ ṣe l'Ékòó, wọ́n ní wọ́n á fi rédíéṣàn pa ìyókù tó bá farapamọ́. Nígbà tí Ìyá Tólú gbọ́, ó kawọ́ lérí.

"Ohun tá à ń sá fún náà ni wọ́n tún fẹ́ dà sí ẹ lára?"

Èmi náà bẹ̀rù. Mo bi nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bóyá ti inú fóònù ni. Ó ní rárá, pé ohun tí fóònù ń tú jáde kò lágbára tó láti ba inú ẹran ara jẹ́ bí tiwọn ṣe lè ba kókó jẹ́, orúkọ lásán ni wọ́n fi jọra, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wọn tiwọn, tí wọ́n ń ya àmì sí mi lára kí ó má bàa ṣìnà. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ náà, mo ń ṣe àsálátù nínú ọkàn mi títí ó fi dákẹ́.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Mo ti padà sọ́jà, ṣùgbọ́n n kì í gbé páálí ẹja mọ́. Apá òsì mi máa ń wú tí mo bá ṣe jù. Mo ń lo oògùn lójoojúmọ́, mo sì ń padà lọ fún àyẹ̀wò. Dókítà kò tíì sọ fún mi pé ó ti tán. Ó ní ohun tó rí fi òun lọ́kàn balẹ̀, ìyẹn náà ni mo dì mú. Mo rán aṣọ kékeré kan tí mo fi ń dí kọ́mú lápá òsì. Fóònù mi wà nínú àpò epírọ́ọ̀nù tí mo rán, mo sì máa ń tan sípíkà rẹ̀ tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ ṣe é. Ooru tó ń kan ara á dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ má fi rọ́pò kí ẹ fọwọ́ kan ara yín, ẹ má sì fi rọ́pò ọsibítù.

Ǹ bá ti parí rẹ̀ síbẹ̀, ká ní kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ yìí. Mo ń gé ẹja fún oníbàárà ni ojú mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Tólú. Ó fẹ́ dá fóònù rẹ̀ padà sínú kọ́mú. Ó tì í wọlé, ó yọ orí. Ó tún tì í, ó dagun. Ó gbé e sápá kejì, ó ń ta ata rẹ̀ lọ.

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ìyá Tólú, kí ló ń ṣe fóònù yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan jàre. Kọ́mú mi ló ti gbó."

Mo wò ó. Òun náà wò mí. A kò rẹ́rìn-ín. Ata wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ibi tó fẹ́ gbé e sí.

"Ẹ jẹ́ ká lọ," ni mo wí.

"Ọjà ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ, Ìyá Tólú."

Orí bẹ́ńṣì ọsibítù ni mo ti ń kọ èyí. N kò tíì mọ ohun tí wọ́n máa bá lára rẹ̀. Ó lè jẹ́ kọ́mú ló gbó lóòótọ́. Wọ́n ti pè é wọlé, ó sì yọ fóònù rẹ̀ láyà, ó ní kí n bá òun mú un dání. Ó wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ó ṣì ń gbóná, ooru ara Ìyá Tólú ni.